Láti Ìdí-Ìrókò dé Ìgolo: Oyún Kan, Òfin Méjì

Ọ̀kadà ló sábà máa ń gbé èèyàn láti Ìdí-Ìrókò kọjá sí Ìgolo. Kí èèyàn tó jókòó dáadáa lórí rẹ̀, ó ti kúrò ní Nàìjíríà, ó ti wọ orílẹ̀-èdè Benin. Èdè tí wọ́n ń sọ níhìn-ín ni wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún: Yorùbá, Ànàgó, Ègùn. Ẹ̀gbọ́n ń gbé apá ibí, àbúrò ń gbé apá ọ̀hún, wọ́n sì jọ ń pàdé níbi ìsọmọlórúkọ. Àárín wọn ni àwọn aṣọ́bodè dúró sí, tí wọ́n ń tú ẹrù, tí wọ́n ń wá ìrẹsì, tí wọ́n ń wá bẹntiróòlù. Ohun kan wà tí aṣọ́bodè kì í bá nínú ẹrù ẹnikẹ́ni bó ti wù kó tú u tó, òun náà sì ni apá méjèèjì fi yàtọ̀ síra jù lọ: òfin.

Ẹ jẹ́ ká ní ọmọbìnrin méjì, ọmọ ìyá kan náà, lóyún tí wọn ò fẹ́ lóṣù kan náà. Èyí tó ń gbé Ìgolo lè wọ ilé ìwòsàn lọ, kó jókòó níwájú dókítà, kó ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Bí oyún náà kò bá tíì ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ, tí ìnira tó máa dá sílẹ̀ sì wà lára ohun tí òfin kà sílẹ̀, dókítà lè bá a yọ ọ́. Èyí tó ń gbé Ìdí-Ìrókò, bó bá ṣe ohun kan náà, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni òfin kọ sílẹ̀ dè é. Dókítà tó bá bá a ṣe é, ọdún 14. Ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe tó sì ta oògùn fún un, ọdún 3. Ọmú kan náà ni àwọn méjèèjì mu dàgbà.

Ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń pariwo lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní "ó lọ fọ inú", á ní "ó lọ ṣe D&C", tàbí kó kàn ní "oyún yẹn bàjẹ́", kó sì fi ojú sọ ìyókù. Nítorí bẹ́ẹ̀, ìjíròrò tó yẹ kó wáyé ní gbangba di ti àwọn ẹni mẹ́ta: àlùfáà lórí pẹpẹ, agbẹjọ́rò ní kóòtù, àti obìnrin kan nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì. Ẹni kẹta yìí kì í dá sí i.

Ààlà tó wà láàárín Ìdí-Ìrókò àti Ìgolo ní ọjọ́ ìbí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé pé ibi báyìí ni tiwọn yóò pín sí. Ìlà tí wọ́n fà gba àárín ilẹ̀ Kétu kọjá: ìlú Kétu tí Alákétu wà bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asíwájú, tó jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìtàn ìpín yìí. Ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ òyìnbó jáde ní ọdún 1976. Owó orí, ilé ìwé, iṣẹ́ àfipámúṣe, ogun Faransé tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń sá fún wá sí apá Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo rẹ̀ la gbọ́. Ohun tí a kì í sábà rò ni pé ìlà yẹn gba inú ilé ọmọ obìnrin kọjá pẹ̀lú.

Òfin tó wà ní apá Nàìjíríà kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló dìídì kọ ọ́ fún wa. Samuel Griffith, amòfin àgbà kan ní Queensland ní Ọsirélíà, ló kọ ọ́ fún àwọn ará ibẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin ní ọdún 1899. Ìjọba amúnisìn rí i pé ó rọrùn láti lò. Wọ́n gbé e wá sí Àríwá Nàìjíríà ní ọdún 1904, nígbà tó sì di ọdún 1916, wọ́n tẹ́ ẹ bo gbogbo Nàìjíríà. Àríwá ti pààrọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ wa ní gúúsù ṣì ń lò ó.

Ti Faransé ní ìdí tó tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogun Àgbáyé Kìíní ti pa iye ọkùnrin Faransé tó lé ní mílíọ̀nù kan. Ìjọba wọn ní ọdún 1920 wò ó pé àfi kí àwọn obìnrin bí òmíràn dípò wọn, ni wọ́n bá ṣòfin tó ní ìyà ń bẹ fún ẹni tó bá ti obìnrin sí ìṣẹ́yún, tó tún ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ polówó ohun ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Wọ́n nà án dé àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Áfíríkà. Báyìí ni ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ní Pobẹ̀ ṣe di ẹni tí òfin ń retí kó bímọ dípò àwọn sójà tó kú sí Verdun. Ọdún 2003 ni Benin tó pa òfin yẹn rẹ́.

Àwọn tó rán ẹ̀wù òfin wọ̀nyí ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ti bọ́ tirẹ̀ láti ọdún 1967. Faransé bọ́ tirẹ̀ ní 1975, nígbà tó sì di oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n kọ òmìnira ìṣẹ́yún sínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn. Queensland tí Griffith kọ ọ́ fún, ní ọdún 2018 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ìwà ọ̀daràn. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni, ẹni tó ni í sì ti jù ú sí àkìtàn, àwa ló ṣì ń fà á mọ́dìí.

Kí ó má di pé ẹnìkan ṣì mí gbọ́: mi ò sọ pé torí òyìnbó bọ́ tirẹ̀ ni kí àwa náà fi bọ́ tiwa. Bí ohun kan bá burú, ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Paris kò ní kó dára ní Ìlaròó. Amẹ́ríkà pàápàá, tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn ti sọ ìṣẹ́yún di ẹ̀tọ́ ní ọdún 1973, yí ohùn padà ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe bó ṣe fẹ́. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston wá bá ara wọn nínú ìpínlẹ̀ tó ti ilẹ̀kùn pa pátápátá. Ohun tí mo ń sọ kò ju pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa pe òfin Griffith ní àṣà àwọn baba ńlá wa.

Ẹ jẹ́ ká ka òfin náà. Abala 228 ló mú ẹni tó bá obìnrin ṣẹ́yún, 229 mú obìnrin náà fúnra rẹ̀, 230 mú ẹni tó pèsè ohun èlò tàbí oògùn. Gbólóhùn kan wà nínú 229 tó máa ń dá mi dúró nígbàkígbà tí mo bá kà á: òfin náà ní bí obìnrin bá gbìyànjú rẹ̀, ó jẹ̀bi, yálà ó lóyún ní tòótọ́ tàbí kò lóyún. Ẹ tún un rò. Ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kàn pẹ́ dé, tí ẹ̀rù bà á, tó lọ mu àgbo, tí kò sì sí nǹkankan nínú rẹ̀ rárá, ọ̀daràn ni. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ọmọ inú nìkan ni òfin yẹn ń ṣọ́. Obìnrin ló ń ṣọ́.

Abala 297 ni ojú ihò kan ṣoṣo. Ó ní dókítà tó bá fi òótọ́ inú àti ọgbọ́n iṣẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ láti fi gba ẹ̀mí ìyá là kò jẹ̀bi. Ẹ̀mí ìyá, ó parí síbẹ̀. Kò dárúkọ ọmọ tí wọ́n fipá bá lò. Kò dárúkọ ọmọ tí bàbá rẹ̀ fún lóyún.

Ìtàn kan wà tí àwọn agbẹjọ́rò ní gúúsù Nàìjíríà ṣì máa ń tọ́ka sí láti fi fẹ ojú ihò yìí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1938, àwọn sójà kan fipá bá ọmọbìnrin ọlọ́dún 14 lò, ọmọ náà sì lóyún. Dókítà Aleck Bourne, ògbóǹtarìgì nínú ìtọ́jú obìnrin ní ilé ìwòsàn St Mary's, gbà á wọlé, ó bá a yọ oyún náà láìgba kọ́bọ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọlọ́pàá pé òun ti ṣe é. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1861 tí wọ́n fi mú un kò sọ ìdí kankan tí dókítà lè rí wí. Adájọ́ Macnaghten wá ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà pé kò pọn dandan kí dókítà jókòó máa wòran títí ikú yóò fi kan ilẹ̀kùn. Bó bá dá a lójú tọkàntọkàn pé oyún náà máa ba ayé ọmọ náà jẹ́, ní ara tàbí ní ọpọlọ, ẹ̀mí rẹ̀ ló ń gbà là. Wọ́n dá Bourne sílẹ̀.

Ibi tí ìtàn náà ti wọ̀ mí lára kò tíì dé. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń múra òfin 1967 tó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, Bourne yìí kan náà, tó ti darúgbó, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ tó ń jà fún ọmọ inú oyún sílẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ó yí padà. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó lè fi iṣẹ́ àti òmìnira rẹ̀ wewu nítorí ọmọ ọlọ́dún 14, tó sì tún lè kọ̀ kí oyún ṣíṣẹ́ di ohun tí à ń rà bíi búrẹ́dì, ọkàn kan náà ló fi ṣe méjèèjì. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n nínú àríyànjiyàn wa, níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ kí o yan ẹgbẹ́ kan kí o tó la ẹnu.

Èkó gbìyànjú. Ní ọdún 2011, ìpínlẹ̀ náà tún òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀ kọ. Ẹ̀wọ̀n ṣì wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́yún, ṣùgbọ́n níbi tí òfin àtijọ́ ti mẹ́nu kan ẹ̀mí ìyá nìkan, wọ́n fi ìlera ara ìyá kún un. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni, àmọ́ dókítà tó bá mọ iṣẹ́ mọ̀ pé òkè ńlá ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń gbé lọ sí bèbè ńkọ́? Èyí tí jẹjẹrẹ mú, tí oògùn rẹ̀ kò ṣeé lò àfi bí oyún bá kúrò? Èyí tí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣàìsàn kó tó lóyún? Ta ló máa fọwọ́ sí i, dókítà mélòó, oyún oṣù mélòó, ní irú ilé ìwòsàn wo? Ọdún 11 kọjá láìsí ìwé kan tó dáhùn. Dókítà tí kò bá sì mọ ibi tí òfin dé, á jìnnà sí i. Ta ni yóò fi ọdún 14 dán òfin wò?

Ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ ètò ìlera Èkó gbé ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde, nǹkan bí ojú ìwé 40, láti dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Kò dá ẹ̀tọ́ tuntun kankan sílẹ̀. Ohun tí òfin 2011 ti gbà láàyè ló ń ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó kan péré ló ti kọjá lẹ́yìn ìdájọ́ Amẹ́ríkà, etí gbogbo ayé sì ń hó. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Kátólíìkì ní Èkó, Alfred Adéwálé Martins, ní kí ìjọba kó ìwé náà kúrò nílẹ̀. Ohùn àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abáyọ̀mí, fi kéde pé àwọn ti dá ìwé náà dúró, kí àwọn lè ráyè la aráàlú lọ́yẹ̀, kí àwọn sì gbọ́ tẹnu àwọn tọ́rọ̀ kàn. Ó di ọwọ́ Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú àti ìgbìmọ̀ aláṣẹ rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Òfin dúró síbi tó wà. Àlàyé òfin ni wọ́n dá dúró.

Mi ò ní fi Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ṣẹ̀sín. Ẹni tó bá gbà tọkàntọkàn pé èèyàn pípé ni ohun tó wà nínú aboyún láti ọjọ́ tí oyún ti dúró, irú bẹ́ẹ̀ kò lè dákẹ́. Bó bá dákẹ́, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni a máa yẹ̀ wò. Ìjọ rẹ̀ kò sì fi ọ̀rọ̀ yìí bò rí. Ìwé tí Póòpù John Paul Kejì kọ lórí rẹ̀ ní ọdún 1995 kò gba tìhín-tọ̀hún. Àmọ́ ẹ̀sùn tí mo fi kan gbogbo wa ni pé, ìwé Èkó yẹn kò sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò fẹ́. Ìyá tí oyún fẹ́ pa ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àti èyí tó fẹ́ ba ìlera rẹ̀ jẹ́. A gbọ́ "ìṣẹ́yún" nínú orúkọ rẹ̀, a ò dúró ka ìyókù.

Àwọn tó ń jà fún ìwé náà fọ èdè ẹ̀tọ́ tí wọ́n kọ́ ní Geneva. Àwọn tó ń takò ó fọ èdè tí wọ́n kọ́ ní Róòmù, tàbí ní ìjọ kan ní Texas. Mo jókòó, mò ń retí kí ẹnìkan fọ Yorùbá.

Nítorí Yorùbá ní ọ̀rọ̀ lórí èyí. A ní orúkọ fún ohun tó wà nínú aboyún: ọlẹ̀. Ọjọ́ tí ìyá bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára pé ó mira, a ní ọlẹ̀ ti sọ. A kì í pè é ní ẹ̀jẹ̀ lásán. Bẹ́ẹ̀ sì ni a kì í sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n ti bí pàápàá, títí di ọjọ́ kẹjọ, ìkókó ni, àlejò ni, à ń wo ojú rẹ̀ bóyá yóò jókòó. Ìpele ìpele ni èdè wa fi gba èèyàn wọlé sáyé.

Bí oyún bá bàjẹ́ lára obìnrin, tàbí tí ìkókó bá kú, ẹ rántí ohun tí àwọn ìyá àgbà máa ń sọ tí wọ́n bá wọlé wá kí i. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á gbé ọwọ́ lé e léjìká, wọ́n á ní: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ gbólóhùn yìí létí ara rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ka ọmọ sí. Àwọn tó ń sọ ọ́ náà ló ń pe ọmọ ní aṣọ, tí wọ́n ní ọmọ borí owó. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n máa dì mú bó bá di pé ọwọ́ kò lè gba méjèèjì. Agbè tí kò fọ́ lè padà sódò. Bákan náà ni àdúrà tí à ń gbà fún aboyún: Ọlọ́run á jẹ́ ká gbóhùn ìyá, á jẹ́ ká gbóhùn ọmọ. Àwọn méjèèjì la fẹ́. Ẹ kíyè sí ẹni tí àdúrà kọ́kọ́ dárúkọ.

Kí ẹnikẹ́ni má wá fi èyí sọ pé àwọn àgbà wa fọwọ́ sí ìṣẹ́yún. Wọn ò fọwọ́ sí i. Ilé tó ń sọ ọmọ ní Bàbátúndé àti Ìyábọ̀, tó gbà pé ẹni tó lọ lè gba ara ìyàwó ilé padà wá, kò lè fojú yẹpẹrẹ wo oyún. Obìnrin tí wọ́n bá mọ̀ pé ó ti ṣẹ́yún rí, bó bá wá ọmọ tì lẹ́yìn ọ̀la, wọ́n á ní èyí tó dà nù ló ń bínú. Síbẹ̀ àwọn elewé ọmọ lọ́jà mọ ewé tó ń mú oyún dúró, wọ́n sì mọ èyí tí wọ́n á sọ fún aboyún pé kó má fẹnu kàn. Bí wọ́n bá mọ̀ pé kò yẹ kó fẹnu kàn án, ẹ mọ ohun tí wọ́n mọ̀.

Àwọn àfáà náà ní tiwọn, kò sì rọrùn bí a ṣe máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Hádíìsì kan sọ̀rọ̀ nípa 120 ọjọ́ kí a tó fẹ́ ẹ̀mí sínú ọmọ inú, èyí ló mú kí àwọn onímọ̀ ọ̀nà Hánáfí kan gba ìṣẹ́yún láàyè ṣáájú àkókò yẹn bí ìdí bá wà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Màlíkì ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ìhà ọ̀dọ̀ wa ń tọ̀, òun ló sì le jù nínú gbogbo wọn. Ibi tí ohùn wọn ti pàdé ni pé bí oyún bá fẹ́ gba ẹ̀mí ìyá, ìyá ló ṣíwájú. Ó jọ ọ̀rọ̀ agbè.

Ní báyìí ná, kí ni àwọn obìnrin ń ṣe? Wọ́n ń ṣẹ́ ẹ. Ìwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adéwọlé, tó padà di mínísítà ètò ìlera, wà lára àwọn tó kọ ọ́, fojú bù ú pé oyún bíi mílíọ̀nù 1.25 ni wọ́n ṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 2012. Bí a bá fẹ́ tẹ̀lé abala 229 lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, gbogbo ilé ìwé ìjọba ni a máa sọ di ọgbà ẹ̀wọ̀n, a ò sì ní rí wọ́dà.

Ọmọ olówó kò ní ìṣòro púpọ̀. Dókítà tó mọ iṣẹ́ wà, yàrá tó mọ́ wà, ìwé tí wọ́n á kọ sì máa sọ pé oyún náà bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ tálákà ni òfin bá nílé. Òun ló ń po kán-ún mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́, tó ń mu búlúù ìfọṣọ, tó ń sùn sórí bẹ́ńṣì onítọ̀hún tó ń pe ara rẹ̀ ní dókítà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, oògùn misoprostol ti ń yí nǹkan padà. Ọgbẹ́ inú ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Àwọn obìnrin Brazil, níbi tí òfin náà ti le, ló kọ́kọ́ tan ìròyìn rẹ̀ kálẹ̀ láàárín ara wọn ní àwọn ọdún 1980 pé ó ń ṣẹ́ oyún. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i ní ọdún 2006 láti fi dá ẹ̀jẹ̀ ìyá ìkókó dúró. Oògùn kan náà, ìgbàlà lójú àwọn ìyá ìkókó, ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ lójú ọlọ́pàá.

Nígbà tí mo wà ní girama, ọmọbìnrin kan ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní àdúgbò wa. Òun ló tún apá yunifọ́ọ̀mù mi rán fún mi lẹ́ẹ̀mejì láìgba owó. Wọ́n ní ibà ń ṣe é. Ibà náà di ọjọ́ karùn-ún, ìyá rẹ̀ ń sè àgbo, àwa ọmọdé ń gbọ́ bó ṣe ń kérora láti ojú fèrèsé, àwọn àgbà sì ń wo ara wọn lójú. Òórùn yàrá yẹn ló kọ́kọ́ sọ òótọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn kan, ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi í kì í ṣe ibi tó ń dùn ún. Wọ́n ní kó dárúkọ ẹni tó bá a ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn á pe ọlọ́pàá. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ ọdún 17. Àwọn àgbà máa ń ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ó sì ṣe é bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Nǹkan bí 75,000 obìnrin ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù pé oyún àti ìbímọ pa ní Nàìjíríà ní ọdún 2023. Oyún tí wọ́n fi ọwọ́ ẹlẹ́gbin ṣẹ́ wà lára ohun tó pa wọ́n. Lórí ìwé, bíi ti ọmọ télọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn á máa jẹ́ ibà.

Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Porto-Novo, àwọn aṣòfin Benin gbé ọ̀rọ̀ náà jáde sí gbangba. Ní òru 20 mọ́jú 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Mínísítà ètò ìlera, Benjamin Hounkpatin, dúró ti àbá òfin náà, ó ní àwọn obìnrin tó tó 200 ló ń kú lọ́dọọdún nítorí ìṣẹ́yún. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ibẹ̀ takò ó gidigidi. Ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò kò sí nílé aṣòfin náà, gbogbo ìjókòó 83 ló wà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ méjì tó ń tẹ̀lé Talon, tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà, síbẹ̀ àríyànjiyàn gbóná kí wọ́n tó dìbò gbà á. Òfin 2003 ti gbà á fún ẹni tí wọ́n fipá bá lò, fún ìbátan tó fún ìbátan lóyún, àti fún ìyá tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Tuntun yìí fi ìnira kún un: ìnira owó, ti ẹ̀kọ́, ti iṣẹ́, ti ọkàn.

Èmi kò tíì gbà pé ká dà á kọ bó ṣe wà. Ìnira ti ọkàn jẹ́ ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ bí agbádá, èèyàn mẹ́ta lè wọ̀ ọ́ pọ̀. Nígbà ìjọba Shehu Shagari, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú aboyún gbé àbá òfin tiwọn dé ilé aṣòfin wa, kì í ṣe àlùfáà nìkan ló pa á. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin pàápàá ní yóò tan ìṣekúṣe kálẹ̀. Ìbẹ̀rù àwọn ìyá yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bẹ̀rù oyún tí a ò fẹ́ yẹ kó fẹ́ràn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ìwádìí ìjọba ní ọdún 2018 sì fi hàn pé nínú 100 obìnrin tó wà nílé ọkọ, 12 péré ló ń lo ti ìgbàlódé. Àwọn tó ń ké jù lọ lòdì sí ìṣẹ́yún ni a máa ń bá níbi tí wọ́n ti ń lòdì sí ìyẹn náà.

Tèmi rèé. Kí wọ́n yọ abala 229; obìnrin tó ṣe èyí ti jìyà tó kó tó dé ẹ̀wọ̀n. Kí wọ́n dárúkọ ọmọ tí wọ́n fipá bá lò àti ẹni tí ẹbí rẹ̀ fún lóyún nínú òfin, nítorí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i ní ọdún 2004 nígbà tó gba Àdéhùn Maputo wọlé, tí kò sì sọ ọ́ di òfin nílé. Kí Èkó mú ìwé ojú ìwé 40 yẹn jáde kúrò nínú àpótí. Ọmọ ọlọ́dún 14 tí Bourne fi ẹ̀wọ̀n wewu fún, bó bá jẹ́ Ìpókíá ló ń gbé lónìí, kò sí abala kan nínú òfin tó mọ̀ pé ó wà láyé.

Kó tó dìgbà náà, ohun kan wà tí ilé kọ̀ọ̀kan lè ṣe lálẹ́ yìí. Bí ọmọbìnrin kan bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ara rẹ̀ gbóná, tí inú ń run ún, tó sì ń sá fún ìbéèrè, ẹ má sè àgbo fún un, ẹ má sì bi í ní orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sí òfin kan ní Nàìjíríà tó ní kí dókítà má tọ́jú ẹni tí oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀, bó ti wù kó bàjẹ́.